Ánẹ́mónì kan tí ó di méje

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí a jọ ń sin ẹran omi iyọ̀ nínú ilé. Mo ti ka ìrírí àwọn tí ó ṣáájú mi, mo sì ṣàkíyèsí pé bí a ṣe ń gé ánẹ́mónì, ẹran òkun kan, sí méjì kí ìlàjì kọ̀ọ̀kan lè di odidi ni ọ̀pọ̀ ń sọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó sọ ìgbà tí kò yẹ kí a gé e kò pọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni èmi ti kọsẹ̀, nítorí náà ibẹ̀ ni n ó ti bẹ̀rẹ̀.

Edinburgh, ní Scotland, ni mo ń gbé, àpótí gíláàsì mi sì ń gba 300 lítà omi. Irú ánẹ́mónì tí mo ń sìn ni èyí tí àwọn ontàjà ń pè ní bubble-tip, tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mọ̀ sí Entacmaea quadricolor. Láti Òkun Pupa títí dé erékùṣù Samoa nínú Òkun Pàsífíìkì ni ó ti ń gbé láàárín àwọn òkúta iyùn, ṣóńṣó àwọn ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó yí ẹnu rẹ̀ ká sì máa ń wú nígbà mìíràn bí àlùbọ́sà kékeré. Nítorí àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kedere pé kì í ṣe òdòdó, bí ó tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ lójú. Ẹran ni. Ẹnu kan ṣoṣo tí ó wà láàárín rẹ̀ ni ó fi ń jẹun, ibẹ̀ náà ni ìgbẹ́ rẹ̀ ń gbà jáde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó fi ń di òkúta mú. Àwọn ewéko tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí sì ń gbé inú ara rẹ̀, wọ́n ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ, wọ́n sì ń bá a pín in. Bí iná kò bá tó, tàbí tí omi bá bàjẹ́, yóò pàdánù àwọn ewéko yìí, yóò funfun báláú, ebi yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa á.

Èyí tí mo kọ́kọ́ rà ní 2019 ti funfun kí ó tó dé ọwọ́ mi, ẹnu rẹ̀ sì là sílẹ̀. Ẹni tí ó tà á fún mi ní ara rẹ̀ yóò yá láàárín ọjọ́ mélòó kan. Oṣù mẹ́ta péré ni àpótí mi pé nígbà náà. Mo ti wo fídíò ẹnì kan tí ó gé tirẹ̀ bí ẹni gé búrẹ́dì, ojú sì ń kán mi láti ní méjì, nítorí náà ní ọjọ́ kẹsàn-án mo mú abẹ. Nígbà tí mo ṣí ìdérí àpótí náà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, òórùn tí ó kọ lù mí dà bí ti ẹyin tí ó ti bàjẹ́. Ìlàjì méjèèjì ti yọ́ bí ògì. Mo fẹ́ fi àwọ̀n kó wọn, ńṣe ni wọ́n ń gba ojú àwọ̀n jáde. Amóníà, májèlé tí ohun tí ó ń jẹrà ń tú sílẹ̀, ti pọ̀ nínú omi, ẹja clownfish mi méjèèjì, irú ẹja kékeré tí ń fi ánẹ́mónì ṣe ilé, àti edé kan sì kú kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ó ń dùn mí títí di òní, nítorí àwọn ẹja wọ̀nyẹn kò ṣẹ̀ mí.

Mo pe ẹ̀gbọ́n kan ní Leeds, ní ilẹ̀ England, tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ó ní, “Àbúrò, ara ẹran yẹn kò tíì balẹ̀ tí o fi abẹ sí i. Agbára wo ni o fẹ́ kí ó fi wo egbò sàn?” Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, kí ni kí n wá ṣe báyìí?” Ó ní kí n má ra ánẹ́mónì kankan fún ọdún kan, kí n máa tọ́jú omi nìkan.

Ọdún kan náà ni mo fi kọ́ omi. Mo ń wọn iyọ̀ rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kí ó má baà kúrò ní nǹkan bí gíráàmù 35 nínú kílò omi kan, mo sì ń rí i pé ooru rẹ̀ dúró sí 25 tàbí 26 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Àsìkò yẹn ni mo kà nípa ánẹ́mónì kan tí John Dalyell, onímọ̀ nípa ohun abẹ̀mí ọmọ Scotland, mú lára àpáta etíkun North Berwick, tí kò jìnnà sí ìlú wa, ní 1828. Granny ni wọ́n ń pè é, ìyẹn Ìyá Àgbà. Inú ìgò omi òkun ni ó ń gbé. Dalyell kú ní 1851, àwọn mìíràn gba ìtọ́jú rẹ̀, Ìyá Àgbà kò sì kú títí di 1887. Irú tirẹ̀, Actinia equina, ẹnu ni ó ti ń tu ọmọ jáde, ọmọ tí gbogbo ara rẹ̀ ti pé. Ọdún 59, láìsí iná mànàmáná, láìsí ẹ̀rọ! Mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ síbẹ̀ ní Sátidé kan nígbà tí òkun fà sẹ́yìn, mo sì rí àwọn ìbátan rẹ̀ lára àpáta: wọ́n ká jọ roboto, wọ́n pupa bí epo tí ó dì.

Lẹ́yìn ọdún náà, mo gba ánẹ́mónì kan lọ́wọ́ ẹnì kan tí tirẹ̀ pín nínú àpótí. Kí ó tó dé, mo ti fi fóòmù bo ẹnu gbogbo páńpù, nítorí pé ó máa ń rìn, páńpù sì lè fà á wọlé kí ó lọ̀ ọ́. Ó rìn fún òru mẹ́ta kí ó tó ki ẹsẹ̀ bọ pàlàpálá òkúta kan, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Ẹ̀ẹ̀méjì lọ́sẹ̀ ni mo ń fún un ní edé tí kò tóbi ju hóró ẹ̀wà lọ. Oṣù mẹ́rìnlá kọjá. Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, mo rí i pé ẹnu rẹ̀ ti gùn tẹ́ẹ́rẹ́, ìdajì ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ sọ́tùn-ún, ìdajì kejì ń lọ sósì, ara rẹ̀ sì ń fà láàárín wọn bí iyán tí ó gbóná. Èmi kò sùn. Nígbà tí ilẹ̀ yóò fi mọ́, ohun tí ó so wọ́n pọ̀ kò ju okùn ìránṣọ lọ, ó sì já ṣáájú aago mẹ́wàá. Ojú ibi tí ó ti ya lára ọ̀kọ̀ọ̀kan ká sínú díẹ̀díẹ̀, ó sì lẹ̀ pọ̀; lẹ́yìn bí ọjọ́ mẹ́wàá, ẹnu wọn ti yí róbótó. Ìgbà yẹn ni mo tó tún fún wọn lóúnjẹ.

Nígbà tí àwọn méjèèjì tún pín, tí wọ́n di mẹ́rin, ni mo tó tún mú abẹ. Abẹ tuntun ni, orí pátákó ike sì ni mo gbé èyí tí ó tóbi jù sí, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ gé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láti orí dé ẹsẹ̀, kí abẹ gba àárín ẹnu kọjá, kí ìlàjì kọ̀ọ̀kan lè ní lára ẹnu àti lára ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe fà á síwá sẹ́yìn bí ayùn. Bí ẹ bá ti gé e, yóò tú omi yíyọ̀ tí ń fà jáde, okùn funfun tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀ yóò sì tú síta. Ẹ má bẹ̀rù. Mo fi omi àpótí ṣan wọ́n, mo kó wọn sínú agbọ̀n ike oníhò níbi tí omi kò ti le, mo sì pààrọ̀ omi ní ọjọ́ kejì. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì wọ́n ti di agbọ̀n mú. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti gé báyìí, ìlàjì kan ṣoṣo ni ó kú, mo sì yọ ọ́ ní wákàtí tí mo rí i tí ó ń rọ̀. N kì í gé ẹyọ kan sí mẹ́rin, bí àwọn kan tilẹ̀ ń ṣe é.

Ẹnì kan nínú yín béèrè bí a ṣe lè mú Aiptasia kúrò, ìyẹn ánẹ́mónì kékeré tí a kò fẹ́, tí ń tàn kálẹ̀ nínú àpótí bí èpò: ẹ jọ̀wọ́ ẹ má ṣe ha á lára òkúta. Èyí tí ó bá kù lára ẹsẹ̀ rẹ̀, bí ó ti wù kí ó kéré tó, lè di odidi.

Nínú méje tí mo ní, mo gbé méjì lọ fún ẹ̀gbọ́n mi ní Leeds ní oṣù tó kọjá, nínú ọ̀rá omi tí mo fi aṣọ òtútù wé. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹrin ẹ̀gbọ́n náà fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi: ẹja clownfish rẹ̀ kan ti wọ àárín ọwọ́ ọ̀kan nínú àwọn ánẹ́mónì náà, ojú ẹja náà nìkan ni ó hàn.