"Àyè ara ẹni" kọ́, "àlàfo ara" ni

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo rí i pé ọ̀pọ̀ yín ti gbà ká máa pe personal space, ìyẹn ìwọ̀n tí èèyàn máa ń fẹ́ kó wà láàárín ara òun àti ti ẹlòmíì, ní "àyè ara ẹni", àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ò wọ̀ mí létí rárá.

Ní Àkúrẹ́ níbí, àyè, nǹkan tá a máa ń tọrọ ni. Tó o bá wọ táksí láti Ọjà Ọba lọ sí Alágbàkà, tí màmá kan gbé báàgì gààrí lé itan ẹ, wàá ní "ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fún mi láyè díẹ̀", wọ́n á sún, itan yín á ṣì máa kanra náà ni, kò sẹ́ni tó máa bínú.

Ti Munich ní Jámánì yàtọ̀. Mo dúró sórí ìlà níbi tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì, mo sún mọ́ ẹ̀yìn ọkùnrin kan bí mo ṣe máa ń ṣe ní báńkì nílé kí ẹlòmíì má bàa já wọ àárín wa, ó sún síwájú, èmi náà sún, ó tún sún, ló bá gbé báàgì ẹ̀ wá sẹ́yìn, ó fi sáàárín èmi àtòun, kò sọ nǹkan kan. Ojú tì mí gan-an. Kò tọrọ àyè lọ́wọ́ mi o, nǹkan tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni mo gbà mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn náà ni mo gba inú Englischer Garten, ọgbà ìgbafẹ́ ńlá kan ní Munich, kọjá, mo bá tọkùnrin tobìnrin tí wọ́n sùn sórí koríko, tí wọ́n ń yá oòrùn láìwọ aṣọ kankan, òfin sì gbà wọ́n láyè (ẹ gbọ́ "àyè" yẹn, ìyọ̀ǹda ni). Ojú lè rí wọn, àmọ́ kò sẹ́ni tó sùn sún mọ́ ẹni tí kò mọ̀. Torí náà ọ̀rọ̀ aṣọ kọ́ lèyí, ọ̀rọ̀ ohun tó wà láàárín ara méjì ni. Edward T. Hall, onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá tó jẹ́ ará Amẹ́ríkà, tó kọ̀wé lórí ẹ̀ ní 1966 pàápàá, ìwọ̀n tó wà láàárín èèyàn méjì ló ń sọ, bíi sẹ̀ǹtímítà 45 sí 120 láàárín àwọn ará Amẹ́ríkà, ó sì ní ti ibòmíì lè yàtọ̀.

Àwọn kan ní ká pè é ní "ìtakété". Rárá o, ọtí àti ọ̀rẹ́ burúkú lèèyàn ń takété sí.

Ẹ̀gbọ́n kan ní àlàfo, nǹkan tó yẹ ká dí ni. Òótọ́ ni, tó o bá fi í sílẹ̀ lórí ìlà níbí, wọ́n á bi ẹ́ pé "ṣé orí ìlà lẹ wà ni?" Àmọ́ àwọn ará Munich kì í dí i, ìyàtọ̀ tá à ń wá ọ̀rọ̀ fún gan-an nìyẹn.

Nígbà tí mo sọ "àyè ara ẹni" fún ìyá mi ní Oǹdó, wọ́n rò pé ilẹ̀ ni mo rà. Mo wá ní "wọ́n máa ń fi àlàfo sáàárín ara wọn", wọ́n ní "ẹ̀n-ẹ́n, kódà lórí ìlà?"