Ṣé kí n fi eré Halloween yìí han màmá mi?

Ẹ kú ilé o. Màmá mi wá kí wa ní Houston, wọ́n sì ti ní iṣẹ́ èṣù ni Halloween, ọjọ́ tí àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń múra bí iwin. Mo fẹ́ fi ìpín Halloween ti Modern Family, eré apanilẹ́rìn-ín orí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, ti ọdún 2010, hàn wọ́n. Claire, ìyá kan nínú eré náà, fẹ́ fi ilé rẹ̀ dẹ́rù ba àwọn ọmọ àdúgbò, àmọ́ kálukú nínú ẹbí ló gbé ìṣòro tirẹ̀ dé. Ti Gloria, ìyàwó bàbá Claire tó wá láti Colombia, ló wọ̀ mí lára jù: ọkọ àti ọmọ ń fi bó ṣe ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ṣe yẹ̀yẹ́, ló bá fi ìbínú yí ohùn padà bí ọmọ Amẹ́ríkà. (Bí wọ́n ṣe ń ṣe mí níbi iṣẹ́ nìyẹn!) Mitchell, àbúrò Claire, tó wọ aṣọ Spider-Man lọ sí ọ́fíìsì náà pa mí lẹ́rìn-ín. Ṣé màmá á rẹ́rìn-ín, àbí àdúrà ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀?