Ọdún ìpìlẹ̀ kí n tó ka ìmọ̀ ẹ̀rọ ẹlẹ́kítírọ́níìkì: ṣé kí n gbà á, àbí kí n padà sí A-level?

Akẹ́kọ̀ọ́Tuntun:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń gbé, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún 18. Ìmọ̀ ìtàn, báyọ́lọ́jì àti èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo ṣe ní A-level (ìdánwò tí a fi ń wọ yunifásítì níhìn-ín), nítorí pé nígbà tí wọ́n ní kí n yan ẹ̀kọ́, n kò tíì mọ̀ pé rédíò àti fóònù tó ti bàjẹ́ tí mo máa ń tú palẹ̀ lè di iṣẹ́ òòjọ́. Ìṣirò tí mo ṣe kẹ́yìn, ti GCSE ni, ìdánwò tí a máa ń ṣe ṣáájú A-level.

Yunifásítì kan ti fún mi láyè láti ka ìmọ̀ ẹ̀rọ ẹlẹ́kítírọ́níìkì, ṣùgbọ́n wọ́n ní dandan ni kí n kọ́kọ́ ṣe ọdún ìpìlẹ̀, kí gbogbo rẹ̀ di ọdún mẹ́rin dípò mẹ́ta. Bàbá mi ní ọdún tí a fi ṣòfò ni, pé kí n kúkú padà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ ṣe ìṣirò àti fisíìsì ní A-level. Ẹ jọ̀wọ́, èwo ni kí n ṣe? Kí ni wọ́n tilẹ̀ ń kọ́ni ní ọdún náà gan-an?

Alákọ̀wé:

Má bá bàbá rẹ jiyàn o, ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òfo. Kọ́kọ́ yẹ lẹ́tà tí yunifásítì fi ránṣẹ́ sí ọ wò: ṣé ọdún ìpìlẹ̀ náà so mọ́ dìgírì, tó fi jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lo forúkọ sílẹ̀ ní UCAS, àjọ tí a ń gba ọwọ́ rẹ̀ wá ààyè sí yunifásítì, fún ọdún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, tí o sì kún ojú òṣùwọ̀n wọn, Student Finance England yóò yá ọ lówó láti ọdún ìpìlẹ̀ náà. Bó bá jẹ́ pé ó dá dúró, tí o ṣì máa wá ààyè sí yunifásítì lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀ owó ibẹ̀, kí o sì wádìí rẹ̀ dáadáa kí o tó fọwọ́ sí ohunkóhun.

Láti ọdún ẹ̀kọ́ 2025/26, ìjọba ti dín iye tó pọ̀ jù tí yunifásítì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè gbà fún ọdún ìpìlẹ̀ kù sí pọ́n-ùn 5,760, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀kọ́ tó jẹ́ ti inú kíláàsì nìkan, bí ìmọ̀ òwò, ni ìdínkù náà kàn. Ìmọ̀ ẹ̀rọ kò sí lára wọn, nítorí pé láàbù ń jẹ owó. Pọ́n-ùn 9,535 ni wọ́n lè gbà fún un lọ́dún yẹn. Bó bá jẹ́ gbèsè ló ń ba bàbá rẹ lẹ́rù, ẹ̀rù wọn tọ́.

Má sì ṣe da foundation year, ìyẹn ọdún ìpìlẹ̀ yìí, pọ̀ mọ́ foundation degree. Èyí kejì jẹ́ ìwé-ẹ̀rí tó dá dúró láyè ara rẹ̀, ọdún méjì ni wọ́n sì sábà máa ń fi ṣe é. Ẹnu ọ̀nà lásán ni èyí tí wọ́n fi lọ̀ ọ́.

ỌmọLáàbù:

Ẹnu ọ̀nà yẹn ni èmi gbà wọlé, n kò sì kábàámọ̀. Ìṣirò ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n kọ́ wa: algebra, trigonometry àti logarithm, lẹ́yìn náà calculus, vector àti nọ́ńbà complex (àwọn nọ́ńbà tó ní square root ti −1 nínú). Fisíìsì tẹ̀ lé e, pẹ̀lú ìwọ̀nba ètò kíkọ fún kọ̀ǹpútà. Ọ̀pọ̀ wa kọ́kọ́ ń kùn nípa nọ́ńbà complex, àfi ìgbà tí a dé ibi iná tó ń lọ tó ń bọ̀. Iná inú ilé ní Ìlú Ọba ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, bí o bá sì fi capacitor (ẹ̀yà tó ń tọ́jú iná pamọ́ fún ìgbà díẹ̀) sí ojú ọ̀nà rẹ̀, ìṣàn iná yóò máa ṣáájú voltage, ìyẹn agbára tó ń ti iná, dé góńgó. Nọ́ńbà wọ̀nyí la fi ń ṣírò ìyàtọ̀ ìrìn àwọn méjèèjì láìfi trigonometry pa ara wa. Lẹ́tà j la sì ń lò fún square root ti −1 yẹn, níbi tí àwọn onímọ̀ ìṣirò ti ń lo i, nítorí pé i ti jẹ́ àmì ìṣàn iná lọ́dọ̀ tiwa.

Iṣẹ́ láàbù wa àkọ́kọ́ ni kí a mú kí LED (iná kékeré inú ẹ̀rọ) pupa kan tàn láti ara iná volt 5. LED náà ń gba nǹkan bíi volt 2, a sì fẹ́ kí milliampere 10 máa ṣàn gba inú rẹ̀. Volt 3 ló ṣẹ́kù. Pín in pẹ̀lú ampere 0.01, ìyẹn milliampere 10 náà, resistor (ẹ̀yà tó ń dín ìṣàn iná kù) tó jẹ́ ohm 300 ló yẹ. Mo tú gbogbo àpótí wa, n kò rí 300. Olùkọ́ wa fi 330 lé mi lọ́wọ́, èyí tó ní ìlà méjì aláwọ̀ ọsàn àti ọ̀kan aláwọ̀ búráùn tí a fi ń mọ iye rẹ̀, ó ní kí n tún ìṣirò náà ṣe. Milliampere 9 àti díẹ̀ ló jáde, ojú ẹnikẹ́ni kò sì lè rí ìyàtọ̀ rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ náà. Ibẹ̀ ló ti yé mi pé ẹlẹ́rọ gbọ́dọ̀ mọ àṣìṣe tó kéré tó láti gbójú fò.

Kì í ṣe gbogbo àṣìṣe ló rí bẹ́ẹ̀ ṣá o. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, mo gbé electrolytic capacitor sódì. Ìlà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń tọ́ka sí ẹsẹ̀ négátíìfù, èmi sì so ó mọ́ pósítíìfù. Ó dún pàá, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo láàbù.

ÌyáÌbejì:

Ẹ jẹ́ kí n gbè sẹ́yìn bàbá díẹ̀. Bí ọmọ kò bá tíì pé ọdún 19 ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún tí ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀, kò níí san owó ẹ̀kọ́ A-level ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba, èsì tó bá sì gbà, yóò lè mú un lọ sí yunifásítì tó bá wù ú, nígbà tó jẹ́ pé ọdún ìpìlẹ̀ sábà máa ń so ènìyàn mọ́ ibi tó ti ṣe é. Ṣùgbọ́n ọdún méjì ni A-level, àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń ṣe é ní ọdún kan kò pọ̀, eré àsápajúdé sì ni. Bó bá di ọdún méjì, ọdún márùn-ún ni àpapọ̀ rẹ̀. Ọmọ mi, sọ èyí fún bàbá rẹ kí wọ́n bá ọ kà á.

Akẹ́kọ̀ọ́Tuntun:

Ẹ ṣeun púpọ̀, mà. Ẹ̀yin náà, ẹ ṣeun. Mo ti yẹ lẹ́tà náà wò: ó so mọ́ dìgírì. Ṣé máàkì ọdún ìpìlẹ̀ yóò wọ inú èsì dìgírì mi?

ỌmọLáàbù:

Kò níí wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n bí o kò bá yege, o kò níí kọjá sí ọdún kìíní. Bó bá sì jẹ́ MEng (dìgírì ẹlẹ́rọ ti ìpele másítà) lo ní lọ́kàn, máàkì tí wọn yóò béèrè sábà máa ń ga jù ti BEng (ti ìpele báṣẹ́lọ̀) lọ. Bi wọ́n bóyá IET, ẹgbẹ́ àwọn ẹlẹ́rọ, fọwọ́ sí dìgírì náà, nítorí pé yóò wúlò fún ọ bí o bá fẹ́ di Chartered Engineer, ìyẹn ẹlẹ́rọ tó ní ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́, lọ́jọ́ iwájú. Kí oṣù Kẹsàn-án tó dé, tún algebra GCSE rẹ ṣe, pàápàá bí a ṣe ń yí fọ́múlà padà láti wá ohun tí a kò mọ̀, torí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti kọsẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì.