Kíkó fáìlì láti laptop sí kọ̀ǹpútà ilé ń wọ́ bí ìgbín, ẹ gbà mí

Ayafọ́tò Mọ́kọ́lá
Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Fọ́tò ìgbéyàwó ni mò ń yà, n'Íbàdàn níbí. Tí òde bá ti parí, mo máa ń kó gbogbo rẹ̀ láti orí laptop lọ sórí kọ̀ǹpútà ńlá tó wà ní yàrá kejì, kí n lè ní ẹ̀dà méjì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, 400 GB ni. Lórí Wi-Fi, 4 MB ló ń lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Mo fi wáyà so méjèèjì mọ́ router, ó gòkè dé 11 MB, ó sì dúró síbẹ̀ gbagidi. Mo ṣírò rẹ̀: wákàtí mẹ́wàá! Ta ló ní iná wákàtí mẹ́wàá? Ní wákàtí kẹfà, wọ́n mú iná lọ. Mi ò mọ fọ́tò tó ti dé, mi ò mọ èyí tí kò dé. Ṣé kí n ra íntánẹ́ẹ̀tì tó yára ju èyí lọ ni?

Bàbá Wáyà
Àbúrò, má ra dátà kankan. Inú ilé rẹ ni fáìlì ń rìn, kò dé ojú títì. 11 MB yẹn ló tú àṣírí: nǹkan kan lọ́nà ń ṣiṣẹ́ ní 100 Mbps (mẹ́gábíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan; bíìtì mẹ́jọ ló ń di báìtì kan), èyí tí kò lè kọjá 12.5 MB láéláé. Ó lè jẹ́ router, ó lè jẹ́ wáyà. Okùn mẹ́jọ ló wà nínú wáyà, gigabit, ìyẹn 1000 Mbps, sì ń lo gbogbo wọn. Bí ọ̀kan bá já, ó lè rọra padà sí 100, kò ní sọ fún ẹ.

Táyọ̀ 2
Ẹ zip ẹ kẹ́ ẹ tó kó o.

Ìyá Sáfà
Rárá o, JPEG ti fún pọ̀ látilẹ̀. Ẹ kàn máa fi zip jẹ àkókò ni. Ẹ yọ router kúrò, ẹ fi wáyà kan so kọ̀ǹpútà méjèèjì tààrà, ẹ fún ọ̀kan ní àdírẹ́sì IP 192.168.50.1, èkejì 192.168.50.2. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yéé fi mouse wọ́ fáìlì. Ẹ lo robocopy, àṣẹ ìkófáìlì tó wà nínú Windows, ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú Command Prompt:

robocopy D:\Foto \\192.168.50.2\Foto /E /MT:8 /R:2 /W:5

Tí iná bá lọ, ẹ tún un tẹ̀. Èyí tó ti dé, á fò ó. Ẹ má gbàgbé /R (iye ìgbà tí á tún gbìyànjú) àti /W (iye ìṣẹ́jú àáyá tí á fi dúró) yẹn o. Láìsí wọn, ìgbà mílíọ̀nù kan ni yóò gbìyànjú fáìlì tó bá kọ̀, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá láàárín ìkọ̀ọ̀kan!

Ayafọ́tò Mọ́kọ́lá
Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣeun. Mo so wọ́n tààrà: 11 MB náà ni. Ìgbà náà ni mo wá gbé orí wáyà sójú. Okùn mẹ́rin péré! Èyí tí mo rà lẹ́bàá títì, tí ọmọkùnrin yẹn ń búra pé ojúlówó ni. Mo lọ ra wáyà Cat 5e, olókùn mẹ́jọ, ní Dùgbẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ láti òdo torí ọkàn mi kò balẹ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Fídíò ń lọ ní 105 MB, àwọn fọ́tò kéékèèké ló fà á wálẹ̀ sí bíi 70. Kò tó wákàtí kan ààbọ̀ tó fi parí.

Bàbá Wáyà
Wáyà àkọ́kọ́ yẹn, gé e sí méjì lónìí. Bí o bá ká a sínú dúrọ́ọ̀, wàá tún lò ó.