Ta ló mọ irú ọ̀dà tó wà lára Speed Graphic yìí?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ kámẹ́rà àtijọ́, ẹ gbà mí o. Mo ra kámẹ́rà Anniversary Speed Graphic 4x5 kan (fíìmù ínǹṣì mẹ́rin sí márùn-ún ló ń lò) ní Houston níbí, èyí tí ilé-iṣẹ́ Graflex ṣe láàárín 1940 sí 1947, tó jẹ́ pé àwọn oníròyìn ló ń gbé e kiri kó tó di pé ṣọ́jà Amẹ́ríkà náà gbé e lọ sógun. Ti ṣọ́jà tí mo máa ń rí, dúdú ni àbí àwọ̀ ewé tó ṣú, ṣùgbọ́n tèmi yìí àwọ̀ eérú ni látòkè délẹ̀, ọ̀dà ẹ̀ sì hunjọ bí ìka tó pẹ́ nínú omi. Kò sí awọ lára ẹ̀ rárá, orí pákó gan-an ni wọ́n kùn ún sí, ohun tó ń rú mi lójú nìyẹn, torí irú ọ̀dà tó ń hunjọ báyìí, iná ni wọ́n sábà máa ń fi yan án, ta ló máa wá gbé pákó sínú iná?

Mo ti fi ọṣẹ nù ún, mo fi acetone díẹ̀ (omi tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́) kan abẹ́ ẹ̀, kò ṣí. Mo tú screw kan, àwọ̀ ewé ló wà lábẹ́ orí ẹ̀. Páànù kékeré tí wọ́n ń kọ nọ́ńbà ológun sí ti lọ, ihò ẹ̀ nìkan ló kù, ọ̀dà eérú yẹn sì wọnú ihò náà.

Ṣé àwọn Navy, ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà, ló tún un kùn ni, àbí ẹni tó rà á lẹ́yìn ogun? Ibo ni mo lè wò lára ẹ̀ tó máa jẹ́ kí n mọ̀ láì họ ọ̀dà náà?