Àwọn ọmọ tápá òbí ò ká mọ́: ṣé fífi okùn gun àpáta lè wúlò fún wọn ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì?

Olùkọ́_Ìkẹ́rẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àwa òbí àti olùkọ́ kan fẹ́ kó ọmọ 12 jọ, ọmọ ọdún 14 sí 17. Àwọn kan ti pa ilé ìwé tì, àwọn kan ń fa igbó, méjì nínú wọn ti ń bá àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òkùnkùn rìn. Bọ́ọ̀lù ò dá wọn dúró: ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá ní ń gbá a, àwọn yòókù á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ pápá. Ẹnìkan wá dá a lábàá pé ká máa fi okùn gun àpáta. Kí la nílò, kí ló sì máa ń bàjẹ́ níbẹ̀? Ẹ dákun, ọ̀rọ̀ ìyànjú ti tó wa, ohun tá a máa ṣe gan-an la fẹ́ gbọ́.

Àgbà_Òkè
Kẹ́ ẹ tó ra okùn, ẹ kọ́kọ́ lọ tọrọ àyè. Olósùnta kì í ṣe òkè eré, ìlú ń bọ ọ́, ó sì ní ọdún tirẹ̀. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ètò pátápátá. Ẹ lọ sí ààfin Ọ̀gọ̀gà àti sọ́dọ̀ àwọn onílẹ̀, kí wọ́n fi àpáta kékeré tí kò ní èèwọ̀ hàn yín. Mítà 10 sí 15 ti ga tó. Ẹ sì gba ẹni tó kọ́ iṣẹ́ okùn dáadáa. Fídíò orí fóònù ò lè rọ́pò rẹ̀.

Okùn: mítà 60, nínípọn mílímítà 10, tó ní àmì EN 892 (ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù fún okùn tí wọ́n fi ń gun òkè). Àpáta mítà 15 á gbà ju mítà 30 lọ nínú rẹ̀, torí okùn á gòkè, á sì tún sọ̀ kalẹ̀ sọ́wọ́ ẹni tó dì í mú. Ẹ ta kókó sí ìdí rẹ̀ kó má baà yọ mọ́ olúwarẹ̀ lọ́wọ́. Okùn tí wọ́n fi ń di ẹrù sórí tírélà kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ má sì gbé okùn yín sínú búùtù tí bátìrì wà: omi bátìrì máa ń jẹ ọ̀rá láìfi àpá hàn.

Orí òkè gan-an niṣẹ́ wà. Ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ máa so okùn mọ́, kí ọ̀kan lè gbé e bí èkejì bá já. Igi tútù tó nípọn ju itan àgbàlagbà lọ dára, bí gbòǹgbò rẹ̀ bá wọ ilẹ̀ jinlẹ̀. Èyí tó hù sórí erùpẹ̀ fẹ́lẹ́ tó bo àpáta á tú jáde. Ẹ wo igun tó wà láàárín okùn méjèèjì tẹ́ ẹ so mọ́ ibi méjì yẹn. Kó má kọjá ìwọ̀n (dìgírì) 60. Tó bá fẹ̀ dé 120, igi kọ̀ọ̀kan á máa ru gbogbo ìwúwo ọmọ náà bí ẹni pé òun nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹ fi kápẹ́ẹ̀tì àlòkù tẹ́ etí àpáta tí okùn ń fara ha.

Ẹ fọwọ́ lu àpáta náà: ibi tó bá dún gbo-n-gbo bí akèrègbè, èèpo rẹ̀ ti ń ṣí, ẹ yẹra. Ipa dúdú tí omi máa ń gbà kọjá ń yọ̀ bí òjò bá ti kán sí i. Ẹ wo ihò bóyá oyin wà ńbẹ̀. Láàárọ̀ ni kẹ́ ẹ ṣe é, kẹ́ ẹ ti kúrò kí oòrùn tó gbóná mọ́ òkúta.

Bẹ́líìtì tó di ìbàdí àti itan, kókó, kàràbínà (irin ìkọ́ tó ń ṣí tó ń pa dé, tí wọ́n fi ń so okùn), akoto: ẹni méjì ló máa yẹ̀ ẹ́ wò fúnra wọn kí ẹsẹ̀ tó kúrò nílẹ̀. Ní gbogbo ìgbà.

Ìyá_Ẹbí_Adó
Ọ̀rọ̀ okùn yé mi, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ọmọ 12 yẹn gan-an ló ń bà mí. Ẹ má kó àwọn oníjàgídíjàgan nìkan jọ. Ní Massachusetts, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ kan fún àwọn ọmọkùnrin ní 1939. Nígbà tí olùṣèwádìí kan, Joan McCord, padà wá wọn lẹ́yìn ọdún 30, àwọn tí wọ́n ràn lọ́wọ́ burú ju àwọn tí wọn ò fọwọ́ kàn lọ, àwọn tí wọ́n sì rán lọ sí àgọ́ ìsinmi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ló burú jù. Òun àti olùṣèwádìí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Thomas Dishion, ṣàlàyé ìdí rẹ̀: ọmọ á máa fi ìwà ipá yangàn, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yẹn á sì dà bí ẹ̀bùn.

Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá mú ọmọ 8 lọ, kí 3 péré jẹ́ àwọn tó ń dà yín láàmú. Àgbàlagbà mẹ́ta, ó kéré tán. Ìgbà tí wọ́n ń dúró de okùn nìjọ̀ngbọ̀n máa ń bẹ̀rẹ̀, torí náà kí okùn jẹ́ méjì, kẹ́ni tí kò gun òkè níṣẹ́ lọ́wọ́. Èyí tí ẹ kò fọkàn tán ni kẹ́ ẹ kọ́ láti di okùn mú fún ẹlòmíràn, kí àgbàlagbà di ìdí okùn náà mú lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ máa lọ lọ́ṣọ̀ọ̀sẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Àgọ́ ọjọ́ mẹ́ta ò lè yí nǹkan kan padà.

Olùkọ́_Ìkẹ́rẹ́
Ẹ ṣeun gan-an, Mà. A ó pín wọn. Ọmọ tó bá fa igbó wá láàárọ̀ ọjọ́ náà ńkọ́? Ká lé e?

Nọ́ọ̀sì_Òjò
Kò gbọdọ̀ gun òkè, kò sì gbọdọ̀ di okùn mú fún ẹnikẹ́ni. Ẹ má lé e. Ẹ jẹ́ kó jókòó sísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbàlagbà kan, lókèèrè sí okùn, kó sì padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ bójú rẹ̀ bá dá.

Ẹ tún bèèrè lọ́wọ́ òbí kẹ́ ẹ tó mú ọmọ kankan: ikọ́ fée, wárápá, ẹ̀jẹ̀ SS. Òùngbẹ àti làálàá lè mú kí ara bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọmọ SS burúkú, ẹ lọ bi dókítà rẹ̀ ná. Lítà omi kan àtààbọ̀ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, ó kéré tán. Bí ẹnikẹ́ni bá dákú sórí okùn, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá rọ̀ láìmira lórí bẹ́líìtì lè kú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Kí ọkọ̀ kan wà nítòsí, kí awakọ̀ rẹ̀ má sì lọ ibì kankan.