Lẹ́ńtìlì ní Saskatchewan: ibo ni owó rẹ̀ ti ń bọ́ sọnù?

Bọ́lá (Regina): Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà. Àwa mẹ́ta fẹ́ háyà ilẹ̀ ékà 160 nítòsí Swift Current, ní ìpínlẹ̀ Saskatchewan ní Kánádà níbí, kí a gbin lẹ́ńtìlì pupa (irú ẹ̀wà kékeré pẹlẹbẹ kan) ní oṣù karùn-ún, kí a sì tà á fún àwọn tó ń kó o lọ sókè òkun. Ibo ni owó ti máa ń bọ́ sọnù nídìí iṣẹ́ yìí?

Ìyá Ìbejì (Saskatoon): Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀, ẹ béèrè ohun tí wọ́n gbìn síbẹ̀ láti ọdún mẹ́jọ wá. Bó bá jẹ́ lẹ́ńtìlì tàbí ẹ̀wà pí ni wọ́n ń gbìn lemọ́lemọ́, ẹ má gbà á. Àrùn Aphanomyces ń gbé inú ilẹ̀, kò sì sí oògùn tó ń lé e jáde tó bá ti wọ oko. Ọdún 6 sí 8 ni wọ́n fi ń yẹra fún ọ̀gbìn méjèèjì. Ewé á pọ́n rúsúrúsú lẹ́yìn òjò. Tí ẹ bá fa ọ̀kan tu, èèpo gbòǹgbò á bọ́ sínú ilẹ̀, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ àárín rẹ̀ nìkan ló máa bá ọwọ́ yín wá. Ẹ béèrè oògùn koríko tí wọ́n fọ́n lọ́dún tó kọjá pẹ̀lú, nítorí clopyralid tó ṣẹ́kù sínú ilẹ̀ ń ba lẹ́ńtìlì jẹ́.

Ní ti irúgbìn, ẹ ka ẹgbẹ̀rún hóró kan, kí ẹ wọ̀n ọ́n. Tó bá jẹ́ gíráàmù 40, tí 80 nínú 100 sì máa hù, ẹ sọ 130, iye ọ̀gbìn tí ẹ fẹ́ nínú mítà onígun mẹ́rin kan, di ìlọ́po 40, kí ẹ fi 80 pín in: kílò 65 fún hẹ́kítà kan. Oko yín máa gba nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 4.2. Ọjọ́ tí ẹ máa gbìn ín gan-an ni kí ẹ po Rhizobium, kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀, mọ́ ọn. Ohun abẹ̀mí ni, oòrùn ń pa á. Òun ló ń bá ọ̀gbìn fa náítírójìn inú afẹ́fẹ́, ẹ ò ní ra yúríà.

Kété tí ẹ bá gbìn ín tán, ẹ yí rólà lé ilẹ̀. Lẹ́ńtìlì kúrú, abẹ ẹ̀rọ ìkórè fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ha ilẹ̀. Òkúta tí rólà kò tẹ̀ wọlẹ̀ á ṣẹ́ ẹ.

Dípọ̀ (Moose Jaw): Ìyá Ìbejì ti sọ ti gbígbìn. Ìgbà ìkórè ni ọ̀pọ̀ ti ń ba ọjà jẹ́. Tí ẹ bá fọ́n glyphosate, oògùn koríko, nígbà tí hóró ṣì tutù, ó máa wọ inú rẹ̀, òṣùwọ̀n oògùn sì lè kọjá èyí tí orílẹ̀-èdè tó ń rà á gbà. Ẹ dúró títí èso ìsàlẹ̀ á fi gbẹ, tó ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ tí ẹ bá mì ín, kí omi inú hóró sì wà lábẹ́ 30 nínú 100. Ẹni tó máa rà á ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó gba oògùn yẹn rárá. Ẹ ò gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀wà ilé wa: ní 2015 ni Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ Nàìjíríà nítorí dichlorvos, oògùn apakòkòrò. Àgbẹ̀ tí kò fọ́n nǹkan kan náà jẹ nínú ìyà yẹn.

Ẹ lè kórè rẹ̀ nígbà tí omi inú hóró bá jẹ́ 16 sí 18 nínú 100, kí ẹ fi fáànù gbẹ ẹ́ dé 14. Ẹ má kó o jáde nínú àká nígbà tí òtútù bá wà ní -20°C. Hóró á máa là bí àwo tó bọ́ lọ́wọ́.

Sọlá (Toronto): Ẹ má so oko mọ́ Íńdíà nìkan. Ní oṣù Kejìlá 2017, wọ́n gbé owó ibodè 30 nínú 100 lé lẹ́ńtìlì. Nígbà tó yá wọ́n yọ ọ́, àmọ́ ní oṣù Kẹta 2025 wọ́n tún gbé 10 lé e. Ìgbà yẹn ni àgbẹ̀ tiwọn náà ń kórè, nítorí náà ẹ máa ṣọ́ ìkórè Madhya Pradesh àti Uttar Pradesh, àwọn ìpínlẹ̀ Íńdíà tó ń gbìn ín, kí ẹ tó dá ọjọ́ títà. Túrkì, Bangladesh àti Dubai náà ń rà á.

Bọ́lá: Ẹ ṣeun púpọ̀. Ṣé ó ń ṣe ìlú láǹfààní, àbí àwọn olówó nìkan?

Ìyá Ìbejì: Ó ń ṣe é. Láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ibí ni wọ́n máa ń fi sílẹ̀ láìgbin nǹkan kan ní ọdún méjì-méjì, tí atẹ́gùn sì ń gbá iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ lọ. Al Slinkard ní Yunifásítì Saskatchewan ló mú irú lẹ́ńtìlì tí wọ́n pè ní Laird jáde ní 1978, ilẹ̀ tó ń sùn wá di ilẹ̀ tó ń pa owó. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n bó, tí wọ́n là níbí ló ń fún ọmọ ìlú níṣẹ́ ju hóró lásán lọ. Murad Al-Katib, ọmọ Davidson, fi ìyẹn dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Regina.

Dípọ̀: Bọ́lá, ìkẹyìn: ẹ mú díẹ̀ nínú ẹrù ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹ ṣe ń kó o wọ àká, kí ẹ dà á pọ̀, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí Canadian Grain Commission, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọkà. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n máa sọ ipò tó wà fún yín, ẹ ó sì mọ ohun tí ẹ ní kí oníbàárà tó pè é ní nǹkan mìíràn. Ọ̀dọ̀ wọn náà ni kí ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò bóyá oníbàárà yín ní ìwé àṣẹ. Tí ó bá ní in, tí kò sì san owó, ààbò ọjọ́ 90 wà láti ọjọ́ tí ẹ kó ẹrù fún un, àmọ́ tí ó bá ti kọ ṣẹ́ẹ̀kì, ọjọ́ 30 péré ni. Ẹ tètè lọ gbà á ní báńkì.